Òórùn Ni Èdè Wọn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Èkúté Ilé àti Àwọn Tó Jọ Ọ́

Èkúté tí a ń sọ níbí ni eku kékeré inú ilé, Mus musculus, tí gbogbo ara rẹ̀ kì í sábà ju gírámù 12 sí 30 lọ. Èyí tó tóbi, tó máa ń gba inú gọ́tà wọlé, la ń pè ní eku ńlá. A yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí pé ìwà wọn kò jọra, ọ̀pọ̀ àṣìṣe inú ilé sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń pe méjèèjì ní ohun kan náà.

Ṣé èkúté ń fi ìtọ̀ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àbí kò kàn lè pa ìtọ̀ mọ́ra ni?

Ó lè pa á mọ́ra dáadáa. Lọ́dún 1973, Desjardins, Maruniak àti Bronson tẹ́ ìwé sábẹ́ àwọn akọ èkúté tí wọ́n ti jà tán, wọ́n sì fi iná UV, ìtànṣán tí ojú wa kò lè rí àmọ́ tó ń mú kí ìtọ̀ tàn, yẹ ìwé náà wò. Ìwé akọ tó borí kún fún ẹ̀kán kéékèèké láti ìkángun kan dé èkejì, bí ìgbà tí òjò wínníwínní bá kan ilẹ̀ eléruku. Èyí tó fìdí rẹmi rọra tọ̀ sí ojú kan méjì sí mẹ́rin ní kọ̀rọ̀, ó tán. Ipò wọn ló yàtọ̀.

Fún akọ tó jẹ́ baálé, ìtọ̀ ni ọgbà, òun ni orúkọ, òun náà sì ni ìkìlọ̀ fún àjèjì. Òru gbogbo ló ń tún un ṣe, torí àmì tó ti gbó kò ní agbára tí tuntun ní. Níbi tí wọ́n bá ń tọ̀ sí léraléra, ìtọ̀, eruku àti ọ̀rá ara wọn a máa dì pọ̀ títí yóò fi yọ sókè bí òkìtì ikán kékeré. Bí ẹ bá rí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àpótí oúnjẹ, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àlejò àná ló wà nílé yín.

Kí ló wà nínú ìtọ̀ náà?

Pròtéìnì ni. Bí wọ́n bá rí irú iye bẹ́ẹ̀ nínú ìtọ̀ èèyàn, dókítà á ní kó lọ yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti akọ èkúté, àmì ara líle ni. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ sí kíndìnrín, á sì bá ìtọ̀ jáde. Nínú mílílítà kan, ó lè ju mílígírámù 10 lọ. Abo náà ní in, àmọ́ ti akọ pọ̀ jù ú lọ dáadáa. MUP (major urinary protein) ni àwọn onímọ̀ ń pè é ní kúkúrú, ó sì lé ní 20 jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara, tó ń ṣe oríṣiríṣi rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Àkọ́kọ́, àárín rẹ̀ ní ihò kékeré kan tí àwọn èròjà olóòórùn máa ń há sí, tí wọ́n á sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da lọ́fínńdà sórí irin mọ̀ pé kíá ló ń fò lọ. Ẹni tó bá dà á sórí òwú ni yóò máa gbọ́ ọ dalẹ́. Òwú yẹn ni MUP. Bí kò bá sí i, òórùn àmì náà ì bá ti lọ kí ẹlòmíràn tó gba ibẹ̀ kọjá.

Iṣẹ́ kejì ni ti ìdánimọ̀. Èkúté inú igbó àti inú ilé kì í ní àpapọ̀ MUP kan náà, bí kò ṣe pé wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá. Lọ́dún 2001, Jane Hurst àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Liverpool fi hàn pé àpapọ̀ yìí ni akọ fi ń mọ̀ pé "tèmi nìyí" tàbí "ti àjèjì nìyí". Nígbà tí wọ́n fi MUP mìíràn kún ìtọ̀ èkúté kan, tí wọ́n sì dá a padà síwájú ẹni tó ni ín, ó ṣe sí i bí ẹni pé àlejò ló wọlé: ó lọ tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n tún rí i pé òun náà ni àwọn èkúté tó ń gbé bíi ti inú igbó fi ń yẹra fún ìbátan wọn nígbà gígùn.

Imú wo ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ?

Imú méjì ni. Àwa Yorùbá sọ pé a *gbọ́* òórùn, ọ̀rọ̀ náà sì bá èkúté mu ju èèyàn lọ. Imú àkọ́kọ́ dà bíi tiwa, ohun tó bá ń fò nínú afẹ́fẹ́ ló ń gbọ́. Èkejì wà nísàlẹ̀ ihò imú, ó dà bí ọ̀pá kékeré méjì. Ludwig Jacobson, ará Denmark, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1813. Ohun tí kì í fò ni ti ìyẹn, irú bíi MUP fúnra rẹ̀, nítorí náà èkúté gbọ́dọ̀ fi imú kan àmì náà kó tó lè fà á wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó ń fi imú gbálẹ̀.

Lọ́dún 2002, wọ́n yọ jíìnì TRPC2 kúrò lára àwọn akọ kan kí imú kejì má baà ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn akọ náà kò bá akọ àjèjì jà mọ́. Wọ́n ń gùn ún bí ẹni ń gun abo.

Báwo ni mo ṣe lè fojú rí àmì ìtọ̀ náà?

Ẹ máa nílò tọ́ọ̀ṣì UV, òkùnkùn, àti sùúrù díẹ̀. Nọ́ńbà ara tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tó wà lórí igbá lọ́jà sábà máa ń jẹ́ nánómítà 395. Ìmọ́lẹ̀ àlùkò rẹ̀ pọ̀ débi pé ó máa bo ohun tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ 365 ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n jù ú lọ. Ẹ lo awò ojú tó ń dí UV, ẹ má sì wo inú iná náà tààrà.

Nínú ilé, ẹ dúró kí ilẹ̀ ṣú, ẹ pa gbogbo iná, ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ́ òkùnkùn lára fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sí ilẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ ògiri, nítorí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni èkúté ń gbà. Ìtọ̀ tuntun máa ń tàn funfun pẹ̀lú àwọ̀ aró díẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ máa ń ràn sí pupa rúsúrúsú. Ẹ̀kán tó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ló sábà ń jẹ́ ti ẹni tó ń tọ̀ bó ṣe ń rìn.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ka àmì nínú láàbù, ìwé asẹ́ ni kó tẹ́ sí ilẹ̀ àgò. Ẹ má lo ìwé tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì láéláé: wọ́n ti po èròjà kan mọ́ ọn kó lè funfun, gbogbo rẹ̀ ló sì máa tàn bí òṣùpá lábẹ́ UV, ẹ ò ní rí ohunkóhun. Ẹ gbé àwọ̀n wáyà lé ìwé náà lórí kí èkúté má baà fi eyín gé e sí wẹ́wẹ́ ṣe ìtẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí lọ́jọ́ kejì bó bá jẹ́ òru gbogbo lẹ fẹ́ wò, ẹ yọ ìwé náà, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó fi iná wò ó. Ẹ fa ìlà onígun mẹ́rin kọjá lórí rẹ̀, ẹ ka iye ojú tó ní àmì. Ìyẹn rọrùn ju kíka ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lọ, torí ti baálé lè wọ ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ìrù tó fa ìtọ̀ kọjá máa ń ṣe bí ìlà gígùn, ẹ má kà á mọ́ ẹ̀kán. Oúnjẹ tó dà sílẹ̀ àti ọṣẹ tí a kò ṣan dáadáa náà máa ń tàn, nítorí náà ẹ fi iná wo ìwé náà kí ẹ tó tẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí gbogbo ibi tó ti ń tàn tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a wà lórí UV: lọ́dún 1995, àwọn olùwádìí ní Finland sọ pé ẹyẹ aṣọdẹ kan tó jọ àṣá ń fi ìtànṣán yìí rí ọ̀nà eku pápá láti òkè. Àwọn mìíràn tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtọ̀ náà àti koríko kò tó ohun tí ojú ẹyẹ lè gbára lé. Ẹ má fi ti àkọ́kọ́ nìkan sọ́wọ́.

Bí akọ méjì bá tọ̀ sí ojú kan náà, ta ló ni ibẹ̀?

Ẹni tí àmì tirẹ̀ jẹ́ tuntun jù. Bí àjèjì bá tọ̀ sí ilẹ̀ baálé, baálé kò ní jẹ́ kó pẹ́ kó tó lọ fi tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí sórí rẹ̀. Abo tó ń kọjá lè gbọ́ òórùn àwọn méjèèjì, ó sì lè mọ èyí tó dé kẹ́yìn. Bó bá rí i pé ti àjèjì ló tutù jù, ó ti mọ̀ pé baálé yẹn kò lágbára lórí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Irọ́ kò rọrùn níbẹ̀: ẹni tí kò bá lè lé àwọn ẹlòmíràn kúrò kò lè ní ilẹ̀ tí òórùn rẹ̀ nìkan wà.

Akọ abẹ́ kì í gbìyànjú rẹ̀. Ó ń tọ̀ sí kọ̀rọ̀ kí ó má baà fa ìjà lẹ́sẹ̀.

Kí ni darcin?

Ọ̀kan lára àwọn MUP yẹn ni, MUP20, akọ ló ń ṣe é jù. Àwọn ará Liverpool yìí kan náà ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 2010. Ìyàtọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni pé abo kò nílò láti kọ́ ọ kó tó fà á mọ́ra. Ó kàn fi imú kàn án lẹ́ẹ̀kan ni, ó ti fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, òórùn akọ yẹn gan-an tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ á máa fà á, kì í ṣe ti akọ mìíràn. Lọ́dún 2012, wọ́n fi hàn pé ó tún ń kọ́ ibi tí àmì náà wà. Àmì tó rí lẹ́ẹ̀kan péré, abo ń padà síbẹ̀ fún bí ọjọ́ 14, nígbà tí àmì náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́.

Fún ẹni tó ń nu ilé, èyí ṣe pàtàkì. Ẹ lè nu òórùn kúrò, ẹ ò lè nu ìrántí kúrò lórí èkúté. Bí ẹ bá fọ kọ́bọ́ọ̀dù lónìí tí ẹ kò dí ihò tó ń gbà wọlé, yóò padà wá wo ibẹ̀.

Mo gbọ́ pé òórùn akọ lè ba oyún jẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Nínú láàbù, bẹ́ẹ̀ ni. Hilda Bruce ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1959: abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba akọ, tí wọ́n sì gbé akọ àjèjì sí nítòsí láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, oyún rẹ̀ kò ní dúró, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Akọ tó fún un lóyún kò ní fa èyí, nítorí abo ti fi òórùn rẹ̀ sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń gùn. Lẹ́yìn tí oyún bá ti mú ilé ọmọ dáadáa, ewu náà ti kọjá.

Àwọn mẹ́ta mìíràn wà tó yẹ kí ẹni tó ń sin èkúté mọ̀. Abo tí wọ́n kó pọ̀ láìsí akọ máa ń dáwọ́ wíwá akọ dúró. Lee àti Boot ló rí ìyẹn ní nǹkan bí 1955. Bí wọ́n bá gbọ́ ìtọ̀ akọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn lóru kẹta. Whitten ló rí ìyẹn lọ́dún 1956. Ìtọ̀ akọ tún ń mú kí ọmọbìnrin èkúté tètè bàlágà. Vandenbergh ló rí ìyẹn. Ohun tí ẹ lè fi ṣe rèé: bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀pọ̀ abo gba akọ lóru kan náà, ẹ bu ìyẹ̀fun pákó tó ti dọ̀tí láti inú àgò akọ, ẹ dà á sínú ti abo ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gùn, ẹ má gbé akọ mìíràn sítòsí wọn. Ọjọ́ 19 sí 21 ni oyún wọn.

Kí ló dé tí àwọn akọ mi fi ń ja àjàkú lẹ́yìn tí mo bá tún àgò wọn ṣe?

Ẹ ti nu ààlà wọn kúrò ni. Gbogbo ohun tó ń sọ ẹni tó jẹ́ baálé ti bá ìdọ̀tí lọ, wọ́n sì ní láti tún un jà.

Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ronú sí ni pé kí wọ́n bu ìyẹ̀fun pákó àtijọ́ díẹ̀ sínú tuntun. Àṣìṣe nìyẹn. Nígbà tí Van Loo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lọ́dún 2000, ìyẹ̀fun tó ní ìtọ̀ mú kí ìjà pọ̀ sí i ni. Ohun tó dín ìjà kù ni ìtẹ́: tíṣù tàbí koríko gbígbẹ tí wọ́n fi ṣe ibi tí wọ́n ń sùn. Òórùn ara tí wọ́n jọ ń gbọ́ ló wà lórí ìyẹn. Nítorí náà, ẹ yọ ìtẹ́ náà lódindi, ẹ gbọn ibi tó bá tutù kúrò, ẹ da ìyẹ̀fun pákó tuntun, kí ẹ sì gbé ìtẹ́ padà sí igun tó wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn tó ń dá ìjà sílẹ̀: kíkó akọ tí kò bá ara wọn dàgbà pọ̀, àti dídá akọ tó ti bá abo gbé padà sáàárín àwọn arákùnrin rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà, láti ọjọ́ 21 tí wọ́n já wọn lẹ́nu ọmú, ló dára jù láti jọ gbé. Ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ láàárín àgò akọ kan àti òmíràn.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ṣe ìdánwò, òórùn ara yín náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2014, Jeffrey Mogil àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McGill fi hàn pé òórùn ọkùnrin, àní òórùn ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ sùn, ń dẹ́rù ba èkúté débi pé ìrora tí wọ́n ń fi hàn ń dín kù. Ti obìnrin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ẹ jókòó sínú yàrá náà fún àsìkò yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ẹni tó ṣe ìdánwò sínú ìwé yín.

Ṣé eku kan wà tó ń fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo?

Èyí tí ìwádìí rẹ̀ kún jù ni eku pápá kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, Microtus ochrogaster. Akọ àti abo jọ ń kọ́ ìtẹ́, wọ́n sì jọ ń tọ́ ọmọ. Ti òórùn tirẹ̀ ṣàrà: ọmọbìnrin rẹ̀ lè dàgbà tán láìbàlágà níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lọ́dọ̀ bàbá àti àwọn arákùnrin rẹ̀. Ìgbà tó bá fi imú kan ìtọ̀ akọ tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ ni ara rẹ̀ tó jí. Nínú láàbù, ẹ̀kán kan péré sí ètè òkè rẹ̀ tó.

Òkété ńkọ́?

Òkété kò kéré. Ó lè tó kílò kan ààbọ̀, àmọ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ wà nínú imú. Òru ló ń jáde, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, òun nìkan ló sábà ń dá gbé ihò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń kó ẹyìn àti ẹ̀gẹ́ wálé náà ló ń fi nu ara igi àti òkúta bó ṣe ń kọjá, ó sì máa ń wọ́ ìdí nílẹ̀ láti fi sàmì.

Ní Morogoro, Tanzania, ẹgbẹ́ APOPO, tí Bart Weetjens ará Belgium dá sílẹ̀ lọ́dún 1997, ń kọ́ irú òkété tó wà lápá ọ̀hún láti gbọ́ òórùn TNT tó wà nínú bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀. Bí ọmọ òkété bá ti la ojú, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ èèyàn lára, wọ́n á wá kọ́ ọ pé bó bá gbọ́ ìró "kẹ́", oúnjẹ ti dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi TNT sáàárín àwọn òórùn mìíràn, èyí tó bá dúró lé lórí ni wọ́n ń fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ló ń gbà. Òkété fúyẹ́ jù láti fi ẹsẹ̀ dá bọ́ǹbù náà. Magawa, ọ̀kan nínú wọn, ṣiṣẹ́ ní Cambodia débi tó fi gba ẹ̀yẹ wúrà ti PDSA, ẹgbẹ́ atọ́jú ẹranko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2020; ó kú ní oṣù kìíní 2022. Àwọn kan nínú wọn ń gbọ́ òórùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú itọ́ èèyàn.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, S. S. Ajayi ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè sin òkété ní àwọn ọdún 1970. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nílé, ẹ má kó akọ méjì àgbà sínú àgò kan.

Asín ló ń rùn jù nínú wọn, àbí?

Asín kì í ṣe ẹbí eku, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Kòkòrò ló ń jẹ, eyín rẹ̀ ṣóńṣó, kò ní eyín méjì gígùn tí eku fi ń họ nǹkan. Òórùn rẹ̀ ń wá láti inú àpò kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Ológbò lè pa á, ṣùgbọ́n á fi í sílẹ̀ láìjẹ.

Wọ́n ní bí eku ńlá kan bá jẹ májèlé, á kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ rèé, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Bennett Galef ní Yunifásítì McMaster lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀. Eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ń gbé òórùn oúnjẹ náà lẹ́nu, pẹ̀lú èròjà kan nínú èémí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon disulfide. Èkejì tó fi imú kan ẹnu rẹ̀ á fẹ́ràn oúnjẹ yẹn. Ìròyìn pé "mo jẹ ẹ́" nìyẹn. Kò sí ìròyìn "ó pa mí lára" níbẹ̀: kódà nígbà tí ẹni tó jẹ ẹ́ bá ń ṣàìsàn, ìyókù ṣì fẹ́ oúnjẹ náà.

Ohun tó ń mú kí májèlé kùnà ni pé eku ńlá ń fura sí ohun tuntun. Ó á tọ́ díẹ̀ wò. Bí májèlé náà bá yára mú un láìpa á, òun fúnra rẹ̀ ni kò ní fẹnu kàn án mọ́. Nítorí náà, fún eku ńlá, ẹ gbé tàkúté sílẹ̀ láìdẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ máa fi ìjẹ sórí rẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dẹ ẹ́. Èkúté yàtọ̀ pátápátá: ohun tuntun ló ń wá wò. Tirẹ̀, ẹ dẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Òmíràn rèé tó ya wọ́n sọ́tọ̀: trimethylamine, tó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́, pọ̀ nínú ìtọ̀ akọ èkúté, ó sì ń fa èkúté mọ́ra. Eku ńlá ń sá fún un.

Ṣé káfúrà tàbí òórùn ológbò lè lé èkúté?

Bí ológbò ò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n ológbò pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti èékánná ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe irun rẹ̀ nínú ọ̀rá. Òótọ́ ni pé òórùn ológbò ń bà èkúté lẹ́rù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Bó bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ tí kò sì rí ológbò, ẹ̀rù náà á rọ̀. Eku tí kòkòrò àrùn Toxoplasma bá wọ̀ lára kì í tilẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Káfúrà ni ká má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kò lè lé èkúté kúrò nídìí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa ni èròjà G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò pé lára wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káfúrà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú rẹ̀ á sì pọ́n rúsúrúsú, pàápàá ọmọ tuntun. Ẹ má fi sínú aṣọ ìkókó.

Ẹ̀rọ tó ń pariwo tí èèyàn kò lè gbọ́ ńkọ́?

Èkúté ń gbọ́ ọ lóòótọ́. Àwọn fúnra wọn ń kọrin níbẹ̀: akọ tó bá gbọ́ ìtọ̀ abo máa ń súfèé ní ohùn tó ju 30,000 ìgbọ̀nrìrì lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí tiwa kì í gbọ́ ju 20,000 lọ. Eku ń ké bí eku, etí wa ni kò gbà á. Ṣùgbọ́n ariwo tí kò ní ìtumọ̀ máa ń sú wọn láìpẹ́, ògiri àti àga sì ń dí i. Ẹ fi owó náà ra sìmẹ́ǹtì tí ẹ máa fi dí ihò.

Báwo ni kí n ṣe nu ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku?

Ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Èyí ni àṣìṣe tó léwu jù. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 1969, ń gba inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ọlọ́mú púpọ̀, Mastomys natalensis, tó ń gbé inú oko àti inú ilé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, mọ̀ ọ́n dáadáa. Àmì tí eku fi ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ náà ni àrùn ń gùn.

Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ po blíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má po ọ́ mọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ wọ́n ọn títí ibẹ̀ yóò fi rin gbingbin, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó fi tíṣù kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ sì dì í. Ẹ tún nu ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó bọ́ ọ, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Gàrí, ẹ̀gẹ́ àti èlùbọ́ tí wọ́n sá sí etí títì tí ilẹ̀ fi ṣú bá a, ojú ọ̀nà eku ló wà. Ẹ kó o wọlé kí oòrùn tó wọ̀, sínú ike tó ní ìdérí tó há.

Ṣé kí n fọ tàkúté lẹ́yìn tó bá ti mú ọ̀kan?

Òórùn ẹgbẹ́ wọn lórí tàkúté kì í lé èkúté, ó sábà máa ń fà wọ́n ni. Àwọn olùwádìí tó ń mú eku pápá ti rí ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, ẹni tó ń ka iye eku fún ìwádìí gbọ́dọ̀ fọ gbogbo rẹ̀, bí kò bá fẹ́ kí tàkúté kan máa mú ju òmíràn lọ. Nínú ilé, níbi tí ibà Lassa bá wà, ẹ fi blíìṣì fọ̀ ọ́ láìka ohun tí ẹ máa pàdánù sí, kí ẹ sì fi omi ṣan án dáadáa. Ẹ má fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́.

Ẹ gbé e sí ẹsẹ̀ ògiri, kí ibi tí ìjẹ wà kọjú sí ògiri, ní mítà méjì sí mẹ́ta síra wọn. Ẹ̀pà lílọ̀ tó tó hóró ẹ̀wà kan ti tó. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á lá a láti ẹ̀gbẹ́ láìdá tàkúté. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì UV wá ibi tí ẹ̀kán pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé àkọ́kọ́ sí.